Ríìmù Ńlá Tó Gba Ẹsẹ̀ Lọ́wọ́ Bàbá

Ẹ̀yin tí ẹ ń yìn mí pé àna rere ni mí, ẹ dákun, ẹ tọ́jú ìyìn yẹn pamọ́ ná. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja, ó sì tó gẹ́ẹ́ kí n tu ú jáde. Èmi ni mo gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ bàbá ìyàwó mi. N kò fi àdá gé e o. Ríìmù ni mo fi gbà á.

Bàbá ló ni ọkọ̀ tí mo ń wà, èyí tó ń wọ́ mọ́tò tó bá dákú sójú títì. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, kò lè wa ọkọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ló máa ń gun ọkọ̀ náà, yóò jókòó tì mí, yóò sì máa pàṣẹ. Etí ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá fa ṣéènì, yóò ní, "Ọmọ mi, ìkọ́ yẹn kò tíì wọlé dáadáa, tún un fi." Kò ṣì í rí. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ pààrọ̀ ìwọ̀n táyà. "Ọkọ̀ iṣẹ́ kì í ṣe ọkọ ìyàwó," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Mo ṣe bí ẹni pé mo gbọ́n jù ú lọ. Lọ́jọ́ kan tí Bàbá ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sinmi, fọkanáísà àdúgbò wa, tí a ń pè ní Afẹ́fẹ́, fi àwọn ríìmù ńlá kan hàn mí, wọ́n ń dán yinrin, táyà wọn sì ga kọjá orúnkún mi dáadáa. Ara mi yá gágá. Mo ní, "Afẹ́fẹ́, ṣé wọ́n á wọlé?" Ó ní, "Ọ̀gá, tí wọn ò bá wọlé, a ó gé irin tó bo táyà." A gé e. Ẹ ò bá rí mi nígbà tí mo wà á jáde, imú mi ń wo ọ̀run! Ọjọ́ yẹn náà ni mo kàbùkù. Mo fi ìkọ́ gbé imú mọ́tò obìnrin tísà kan, ìkọ́ ti ga ju bó ṣe yẹ lọ, ni ìdí mọ́tò bá ń ha ilẹ̀ títí bọ́ńpà fi já. Tísà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń wọ́ mọ́tò mi ni àbí ẹ ń fi í ro oko?" Èmi òpònú, mo ní ọ̀nà ni kò dára.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá jáde wá bíi ti àtẹ̀yìnwá, ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, ó gbé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ kò kan ibi tó máa ń kàn. Ó tún un gbé. Ó gbìyànjú títí òógùn fi bò ó. Ó wá fọwọ́ pa orúnkún ara rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ó jọ pé ẹsẹ̀ mi ti parí iṣẹ́." Ibí yìí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ẹnu kò dùn mí. Mo lè sọ pé, "Bàbá, ọkọ̀ ló ga, ẹsẹ̀ yín kò ṣe nǹkan kan." Ohun tí mo sọ ni pé, "Bàbá, ara ti dàgbà ni. Ẹ máa sinmi nílé." Kí n má parọ́ mọ́, inú mi dùn. Ta ni yóò tún máa sọ fún mi pé ìkọ́ kò wọlé? Bàbá bọ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó fi kọ́rùn, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Ìyàwó mi ra ọ̀pá ìtilẹ̀ àti òróró ìpara fún bàbá rẹ̀. Ó rí ríìmù o, ṣùgbọ́n ta ló máa rò pé táyà ló ń ṣe ẹsẹ̀ àgbà? Èmi fúnra mi ni mo ń fi òróró náà pa orúnkún tí kò ṣe nǹkan kan, Bàbá ń súre fún mi, èmi sì ń ṣe àmín. Ẹ wo ọ̀dájú!

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo tètè darí sílé, mo sì gbọ́ ohùn Bàbá lẹ́yìnkùlé. Ó to búlọ́ọ̀kù jọ, ó di ògiri mú, ó ń gùn ún, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ń bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí. Ọmọ yẹn kò tíì mọ ìkọ́ fi dáadáa." Tèmi ló ń rò! Omi bọ́ lójú mi. Mo sáré padà sọ́dọ̀ Afẹ́fẹ́, a dá táyà àtijọ́ padà, mo wa ọkọ̀ wálé, mo ní, "Bàbá, ẹ wá gbìyànjú ẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀kan náà ló gbé ẹsẹ̀, ó ti jókòó. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹsẹ̀ mi ló gùn sí i, àbí ọkọ̀ ló kúrú?" Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Nígbà tó rọlẹ̀, ó ní, "Ríìmù kọ́ ló dùn mí. Mo ti ń dágbére fún ara mi." Ó na ọwọ́. "Mú kọ́kọ́rọ́ mi wá. Òróró yẹn ńkọ́, má dá a dúró o, ó ti mọ́ mi lára." Ní ti ìyàwó mi, kò pè mí ní orúkọ mìíràn mọ́ àfi Ọkọ Ríìmù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àgbà bá ní ẹsẹ̀ òun kò gbé òun mọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ ní kó gùn. Bàbá ní òun ti dárí jì mí, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kó tó gun ọkọ̀, ó máa ń bẹ̀rẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ wọn táyà wò. Ẹ bá mi bẹ ọwọ́ yẹn.