Kàlẹ́ńdà Tí Kò Fẹ́ Pa Rẹ́

Níbi tí mo ti ń dúró kí wọ́n gé etí ìwé ètò ìkórè wa ní Ṣómólú, àwọn ọkùnrin méjì tó ń fi kọ̀ǹpútà ya iṣẹ́ fún àwọn òǹtẹ̀wé jókòó lẹ́yìn mi, inú sì ń bí èyí àgbà.

"SSD kan náà la jọ rà sínú kọ̀ǹpútà wa láti máa kó iṣẹ́ pamọ́ sí. Kí ló dé tí tìrẹ ń sáré, tí tèmi ń wọ́ bí ìgbín? Àbí o fi nǹkan sí tìrẹ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé ó máa ń pẹ́ tẹ́ ẹ bá ń ṣí iṣẹ́ àtijọ́?"

"Rárá, wéré ló ń ṣí. Tí mo bá fẹ́ tọ́jú iṣẹ́ tuntun ló ń dákú."

"Ó ti kún nìyẹn. Kíkà kì í ni ín lára, kíkọ ni wàhálà. Kò lè kọ tuntun lé àtijọ́ lórí. Bí àyè bá ti tán, ó ní láti kọ́kọ́ kó ohun tó ṣì wúlò nínú ìpín kan lọ síbòmíràn, kó nu ìpín náà lódindi, kó tó kọ tuntun síbẹ̀. Ẹ pa àwọn iṣẹ́ àtijọ́ rẹ́. Kí lẹ tiẹ̀ kó síbẹ̀?"

"Gbogbo kàlẹ́ńdà tí mo ti yà fún ìyá Pedro, oníbàárà mi."

"Màmá tó ń gbé iṣẹ́ wá fún mi báyìí?"

"Òun náà. Lọ́jọ́ tó bá padà, á bá iṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n bá yín kó wọn pamọ́ sọ́dọ̀ mi."

"Sọ́dọ̀ ta ni? O ti gba ìyá, o tún fẹ́ gba kàlẹ́ńdà rẹ̀!"

Ìmọ̀ràn gidi ni, ó yẹ kí èyí àgbà gbà á. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n.