Omi Àdúrà tí Mo Wọ́n sí Salamáńdà Fìyìn

Ẹ̀yin ará ìjọ tí ẹ wá kí mi lórí ibùsùn yìí, ẹ má tíì dá orin. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, tèmi sì ti bá mi lónìí. Èmi Christiana tí ẹ ń pè ní Màmá Àdúrà, èmi ni mo ba iṣẹ́ Fìyìnfólúwa ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́.

Ní 1990, ọ̀dọ̀ mi ní Thamesmead, ní London, ló ń gbé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń ṣe kílínà ní Woolwich náà ló ti ń ṣèwádìí nípa salamáńdà, ẹranko kékeré kan tó jọ ọmọ́ńlé, tó ń gbé orí òkè tútù. Kò ní ẹ̀dọ̀fóró, awọ ara ló fi ń mí. Orí òkè méjì ni wọ́n ti kó wọn wá, wọ́n sì kó wọn sí àpótí gíláàsì méjì. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní irú kan náà ni wọ́n. Fìyìn kò gbà.

"Auntie," ló wí fún mi nídìí oúnjẹ, "ìka ẹsẹ̀ àwọn ti òkè kejì yẹn different gan-an. New species ni. Kò sí níbòmíràn láyé. Mo kàn máa prove ẹ ni."

Láti ìgbà náà kò jẹun dáadáa mọ́, kò sì wá sí ìsọ́ òru. Wòlíì Akínbọ́lá ìjọ wa wá ríran pé ẹranko omi kan jókòó lé ìwé ọmọ náà. Ẹ̀rù bà mí. Àgbàyà ni mí, mi ò tilẹ̀ bi ọmọ léèrè nǹkan kan. Láàárọ̀ kùtù, mo bọ́ bàtà lẹ́nu yàrá ẹranko wọn, mo da lọ́fíńdà sínú omi àdúrà bí a ti máa ń ṣe, mo ń ka sáàmù, mo sì ń wọ́n ọn sínú àpótí kejì. Kí n tó nu ilẹ̀ tán, gbogbo wọn ti nà gbalaja. Lọ́fíńdà ti wọ awọ tí wọ́n fi ń mí.

Mo figbe ta. Juliana tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní, "Auntie, ṣebí wọ́n jọra. Ẹ mú lára àwọn ti first tank síbẹ̀ jàre. Who go know?"

Mo mú wọn. Bí mo ti ń kó òkú àwọn ti àpótí kejì lọ dà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo rí ẹsẹ̀ wọn. Àwọn ìka náà lẹ̀ mọ́ra. Ti àwọn tí mo fi rọ́pò wọn kò lẹ̀.

Nígbà tí Fìyìn dé, ó wo ìka ẹsẹ̀ àwọn tó wà nínú àpótí kejì títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Nígbà tó délé lálẹ́, ó bi mí pé, "Auntie, please, ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan tank yẹn?"

Èyí tí mo ṣe tẹ̀lé e ló burú jù. Sùtánà funfun wà lọ́rùn mi, mo gbé Bíbélì lé àyà, mo ní, "Mo fi Ọlọ́run búra, kò sẹ́ni tó débẹ̀. Bóyá ojú ẹ ló ṣì rí." Mo mọ̀ pé kò ní bá ìbúra mi jiyàn. Ó lọ sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé òun ló ṣàṣìṣe, kò sì padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́. Bọ́ọ̀sì ló ń wà báyìí. Tí wọ́n bá bi í, á rẹ́rìn-ín, á ní ojú òun kò mú tó fún iṣẹ́ ìwé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó gbàdúrà lé ohun tí ẹ ò mọ̀. Fìyìn, ìwọ tí o dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, dárí jì mí. Ojú rẹ ò ṣì rí. Irú méjì ni wọ́n.