Mo Pe ‘Ó Tó’, Mo Sì Sẹ́

Ẹ jókòó, gbogbo yín. Ẹ fi igi yín ti ògiri, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kó wọlé. A ò ní kọ́ nǹkan kan lónìí. Mo ti kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń dúró, bí wọ́n ṣe ń yẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi igi gba igi. Ohun tí mi ò kọ́ yín ni òótọ́, torí ẹni tí kò ní kì í fúnni. Wọ́n máa ń sọ pé irọ́ lè lọ fún ogún ọdún kí òótọ́ tó bá a. Tèmi ò tíì rìn tó bẹ́ẹ̀ tó ti rẹ̀ mí. Télọ̀, àbúrò mi, má jókòó sẹ́yìn. Wá síwájú, níbi tí ojú rẹ tó kù á ti rí mi dáadáa. Torí tìrẹ ni mo ṣe pè wọ́n jọ.

Gbogbo yín lẹ mọ ọ̀rọ̀ tó ń darí iyàrá yìí. Bí ẹni tó ń kọ́ni bá ti pe ‘Ó tó’, gbogbo orí igi á kanlẹ̀, gbogbo orí èèyàn á tẹ̀ ba. Kò sí “ẹ jẹ́ n ṣe ẹ̀ẹ̀kan sí i.” Ẹni tó bá sọ igi kalẹ̀ kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀, ojo ni, ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lu èèyàn lẹ́yìn ọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan igi mọ́ títí ayé rẹ̀. Bàbá tó kọ́ mi, tó ti dolóògbé báyìí, ló fi òfin yìí lé wa lọ́wọ́. Ẹ sì mọ ìtàn Kò-dúró-gbọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ fún yín. Lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá kọ́kọ́ wọ ibí, mo máa ń nawọ́ sí fèrèsé yẹn, sí ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ tó wà lódìkejì títì, màá ní, “Ẹ wo ọkùnrin yẹn. Ó sọ igi rẹ̀ kalẹ̀ kí n tó pe ọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ kan sì bá a lọ. Ẹ má ṣe bíi tirẹ̀ o.” Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń bá yín rẹ́rìn-ín. Ẹ ò rí ayé mi!

Nǹkan tó fa gbogbo rẹ̀ ló wà nínú aṣọ ìnura yìí. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ló fi í ránṣẹ́ sí mi láti òkè òkun: igi kúkúrú méjì tí ṣéènì so pọ̀. Ó ní bí àwọn tó ni ín bá ń fi í ṣeré, ojú kì í rí i, afẹ́fẹ́ nìkan lèèyàn ń gbọ́. Mo ní, èmi tí kò sẹ́ni tó lè gbá igi dà nù lọ́wọ́ mi, kí ni igi bíńtín méjì máa fi mí ṣe? Àṣé ó mọ ohun tó máa fi mí ṣe. Ó kọ́kọ́ gbá mi nígùnpá. Nígbà tó tún ṣe, ó gbá mi létí, etí wú. Ìyàwó mi ní, “Ta ló lù yín báyìí?” Mo ní èmi fúnra mi ni. Ó ní, “Ó dáa, ẹ̀yin àti ara yín ẹ lọ parí ẹ̀ níta, mò ń gbálẹ̀.” Télọ̀ tó jẹ́ àbúrò ìyàwó mi ló sọ nǹkan náà ní Àlejò. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹ ò rí i, ẹni tó gbà á sílé gan-an ló ń lù.” A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa.

Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó di apá kan mú, apá kejì ń fì dirodiro. Ó ní, “Ṣé ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀?” Mo ní, “Bàbá, igi wo ló létí?” Ó ní, “Ọwọ́ tó di igi mú ni etí igi. Mo di tìbí yìí mú, ó ń gbọ́. Ta ló di tọ̀hún mú?” Ó ní kí n má fi kọjú sí èèyàn, ògiri ni kí n máa bá ṣe é. Mo sì gbọ́ o, kí ẹnikẹ́ni má purọ́ fún yín pé mi ò gbọ́. Ìgbéraga ló ń yọ mí lẹ́nu. Bàbá ti ń darúgbó, ó ti ní òun máa tó fi iyàrá yìí lé mi lọ́wọ́, mo wá fẹ́ kí ayé rí mi bí ẹni tó mọ ohun tí Bàbá fúnra rẹ̀ ò mọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni. Ẹ̀rọ Káfíńtà, ẹni tó ni ilé yìí, ń ké nísàlẹ̀, eruku igi ń gba àárín pákó wọlé sí wa lẹ́sẹ̀. Èmi àti Télọ̀ nìkan la wà níbí. Mo ní kó gbé igi rẹ̀ dí ojú, kó kàn dúró, kí n fi Àlejò ṣeré níwájú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, Bàbá mà ní ká má ṣe é.” Mo ní, “Ṣé Bàbá ló ń kọ́ ẹ ni àbí èmi?” Ó gbé igi sókè. Mo ń fì í, mo ń fi abíyá há a mọ́ra, mo tún ń jù ú sílẹ̀, inú mi ń dùn bíi ti ọmọdé. Ẹ mọ̀ pé bí a bá ń lo igi tiwa, ibi tí ọwọ́ bá dúró sí ni igi ń dúró sí. Ti Àlejò ò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ bá dúró gan-an ni apá kejì ń sáré. Òógùn ti mú ọwọ́ mi yọ̀. Mo rí i tí apá kejì kọjá abíyá mi, tó ń lọ síwájú. Ẹ̀rù bà mí. Ohun tí mo fi ń dá nǹkan dúró láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ni náà ni mo ṣe: mo lanu, mo pariwo, “Ó tó!” Igi ni mò ń bá wí. Igi ò gbọ́. Télọ̀ ló gbọ́. Ó sọ igi rẹ̀ kalẹ̀, ó tẹrí ba fún mi, Àlejò sì bá a lójú. Ká ní kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ni, igi ọwọ́ rẹ̀ ì bá gbà á. Ká ní mo dákẹ́ ni, ojú rẹ̀ méjèèjì ì bá wà níbẹ̀.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ìyẹn, bí mo bá jẹ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ lè pè é ní àṣìṣe. Káfíńtà sáré gòkè wá. Bí a ṣe ń gbé Télọ̀ sínú ọkọ̀, Káfíńtà ní, “Mo gbọ́ tó o pe ọ̀rọ̀ yín yẹn. Kí ló wá dé?” Mo ní ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ ló gbọ́. Ó wò mí títí. Ó ní, “Ilé mi rèé, mi ò sì fẹ́ ọlọ́pàá ńbẹ̀. Tó o bá ní ẹ̀rọ ni, ẹ̀rọ ni.” Bí irọ́ náà ṣe di ti àwa méjì nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ àbúrò ìyàwó mi wà lára ṣẹ́ẹ̀tì mi, igi tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ mi ni mò ń rò.

Ní ilé ìwòsàn, ó dùbúlẹ̀, wọ́n ti fi báńdéèjì wé ìdajì orí rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ pe ‘Ó tó’? Ó jọ pé mo gbọ́ ọ.” Kò fẹ̀sùn kàn mí o. Ó ń béèrè ni, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù nínú iyàrá ara rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ wo ìkà èèyàn, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú! Mo ní, “O ò gbọ́ nǹkan kan. Mi ò tíì lanu tó o fi sọ igi kalẹ̀. Ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ lo gbọ́.” Ó wá ní, “Á jẹ́ pé etí mi ló tàn mí. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Mo ti kó ìtìjú bá yín lójú Bàbá.” Èmi ló ń bẹ̀ o. Nígbà tí Bàbá bi í léèrè níwájú gbogbo ilé, ó ní, “Mi ò dúró gbọ́, Bàbá.” Bàbá yíjú sí mi, ó ní, “Ìwọ ńkọ́?” Mo ní bó ṣe sọ ọ́ ló rí. Ó bá mi wí nítorí Àlejò, ṣùgbọ́n òfin ò gba igi lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pe ọ̀rọ̀. Ìyàwó mi, ọmọ ìyá rẹ̀, bú u pé ta ló ní kó kánjú. Ojú kan ni Àlejò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Etí méjèèjì lèmi gbà.

Ẹ dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Bí oníbàárà bá ní kó gé apá aṣọ kúrú, á ní, “Ẹ tún un sọ, etí mi máa ń tàn mí.” Kò sí nǹkan tó ṣe etí rẹ̀. Òwú ni kò lè ki bọ abẹ́rẹ́ mọ́, ẹ̀gbẹ́ ihò ló máa ń kì í sí, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bá a ṣe é. Ọmọ yẹn náà ló gòkè wá bá mi lánàá. Ó ní òun fẹ́ kọ́ igi. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Mo fẹ́ kí wọ́n yéé fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi máa dúró gbọ́.” Mo fún un ní igi, mo ní kó gbé e sókè kí n wò ó. Ó dúró dáadáa. Mo pe, “Ó tó.” Kò sọ igi kalẹ̀. Mo tún un pè. Apá rẹ̀ ń gbọ̀n, ó tẹjú mọ́ mi, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ pè é lóòótọ́, àbí etí mi ni?”

Irọ́ mi ti dé ara ọmọ ọlọ́mọ. Mi ò lè sùn.

Mo pè é, àbúrò mi. Mo pe ‘Ó tó’, o sì gbọ́ ọ. Etí rẹ ò tàn ọ́, èmi ni mo tàn ọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má bẹ̀rù igi àjèjì, ògiri wà tẹ́ ẹ lè bá ṣe é. Ẹ bẹ̀rù ọjọ́ tí ẹnìkan á béèrè ohun tó gbọ́ lọ́wọ́ yín, tẹ́ ẹ máa ní kò gbọ́ ọ. Télọ̀, mo lè dọ̀bálẹ̀ fún ọ, ṣùgbọ́n ìdọ̀bálẹ̀ ti rọrùn jù, màá dìde, màá gbọn eruku nù. Òfin ti gba igi lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ yẹn, mo kàn ń jí i gbé ni. Mo gbé e sókè báyìí, ìgbẹ̀yìn nìyí. Dárí jì mí, bó o bá lè ṣe é. Ìwọ ni kó o pe ọ̀rọ̀ kí n sọ ọ́ kalẹ̀. Bí o ò bá fẹ́ pè é, tó o gba ẹnu ọ̀nà yẹn lọ sílé, mi ò ní bi ọ́ léèrè. Apá mi ti ń gbọ̀n. Màá dúró gbọ́.