Bàbá Ikhlas Kò Ka Nọ́ńbà fún Mi

Ìyá Ìbídò, ẹ má wulẹ̀ bu omi fún mi, mi ò wá mumi, ẹjọ́ ni mo gbé wá, ẹjọ́ àbúrò yín, torí ẹ̀yin lẹ gbé e pọ̀n, ẹ̀yin náà lẹ fà mí lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tẹ́ ẹ ní bó bá ṣẹ̀ mí kí n má bá a jà, kí n ṣáà máa bọ̀ ní Ìbídò. Mo ti dé! Ọkọ mi ò mọ ohùn mi mọ́. Èmi Hàmdálátù tí mo ti ń jí i jẹ sààrì láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, ó ní òun ò mọ ohùn mi!

Mo ti jókòó, ẹ ṣé. Mo mọ̀ pé “ó” ni mo ń pè é lónìí, ẹ má bínú, ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un wà nílé, mi ò gbé e dání wá.

Ṣé ẹ mọ̀ pé oṣù ọmọ yín Ikhlas ti pé? Oyún àkọ́kọ́, ní Kánádà, nínú yìnyín! Ìwé ìrìnnà mi ti jáde, mo ti di àpótí, ọṣẹ dúdú, òrí, kànrìnkàn, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú nìkan ló kù. Ta ló fẹ́ wẹ ọmọ bí mi ò bá dé? Tawfiq ọkọ rẹ̀ ní kí n má ṣèyọnu, òun ti ń wo fídíò bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ tuntun lórí fóònù. Fídíò! Ṣé fídíò ló máa fa apá fa ẹsẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ?

Ni Ikhlas bá rí ìkànnì àwọn òyìnbó kan tí tíkẹ́ẹ̀tì wọn ò wọ́n, ó ní, “Màámi, àyè kan ló kù o, ẹ mú káàdì yín kíákíá,” torí káàdì náírà tiwa yìí tí kì í jẹ́ lókè òkun nígbà kan, wọ́n ní ó ti ń jẹ́ báyìí. Mo fi obì sílẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, mo nu ọwọ́, mo ka nọ́ńbà iwájú káàdì fún un, mo ka tẹ̀yìn, ó ní ó ti fẹ́ẹ̀ parí, ó ku ẹyọ kan, báńkì máa fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù, kí n kà á fún òun kó tó kú, torí kì í pẹ́ kú.

Fóònù ta ni? Ẹ bá mi bi wọ́n léèrè! Fóònù àbúrò yín ni! Lọ́jọ́ tí mo ṣí àkáǹtì yẹn, olè ti gbé tèmi lọ́jà, nọ́ńbà tirẹ̀ ni mo fún báńkì. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ta obì, òun ni báńkì ń kí kú oríire. Mi ò tíì wọlé tán tó ti máa sọ pé, “Hàmdá, o mà tajà lónìí o, kí ló dé tí kò sẹ́ran nínú ọbẹ̀?”

Mo pè é ní Simawa níbi tó ti ń kọ́lé fún ẹnìkan. Mo ní, “Bàbá Ikhlas, nọ́ńbà kan wọlé, ẹ kà á fún mi.” Ó ní, “Ta ló ń sọ̀rọ̀?” Mo ní Hàmdálátù ìyàwó yín ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà lẹni ọjọ́sí ṣe sọ pé òun ni báńkì. Ó ní òun gbọ́ lórí rédíò pé ẹ̀rọ ti ń sín ohùn èèyàn jẹ. Ó ní bó bá jẹ́ èmi ni lóòótọ́, kí lòun jẹ láàárọ̀? Mo ní ìkọ́kọrẹ́ ni! Ó ní olè tó bá gbọ́n máa mọ̀, gbogbo Rẹ́mọ ló ń jẹ ìkọ́kọrẹ́. Ó pa fóònù! Nọ́ńbà náà sì kú.

Kí lẹ wí? Ẹni ọjọ́sí wo? Áà, wọn ò sọ fún yín! Ẹnìkan pè é kí ààwẹ̀ tó wọlé, ó ní òun ni báńkì, àbúrò yín sì ka nọ́ńbà fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tún kí i pé ó kú iṣẹ́. Wọ́n gbá àkáǹtì rẹ̀ mọ́ fínnífínní. Mo bínú, mo fi ṣe wàásù láàárọ̀, mo fi ṣe tàfúsírì lálẹ́, mo ní kó búra. Mo ní, “Ẹ ò gbọdọ̀ ka nọ́ńbà báńkì fún ẹnikẹ́ni mọ́, ì báà jẹ́ lèmọ́mù, ì báà jẹ́ Ìyá Ìbídò. Bí èmi gan-an bá bèèrè, ẹ má sọ!”

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ṣé gbogbo ohun téèyàn bá fìbínú sọ ni wọ́n ń tẹ̀lé? Mo ní kó dín iyọ̀ kù, ṣé ó dín in? Mo ní kó tún òrùlé ilé ìdáná ṣe, òun bíríkìlà, ṣé ó tún un ṣe? Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti fà mí lé e lọ́wọ́, ìyẹn nìkan ló tẹ̀lé! Wọ́n ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Wàláì, àbúrò yín fi tẹrú jẹ́ ẹ dópin.

Mo gun ọ̀kadà, ó di Simawa, eré burúkú, dígí ojú mi já bọ́ ní títì márosẹ̀, tírélà gùn ún mọ́lẹ̀, mi ò wẹ̀yìn. Mo bá a níbi tó ti ń to búlọ́ọ̀kù. Mo ṣí ìborùn, mo ní, “Ẹ wò mí dáadáa, ṣé ẹ̀rọ nìyí?” Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, “Hàmdá, mo rí ọ. Ṣùgbọ́n o ní bí ìwọ gan-an bá bèèrè.”

Ikhlas tún tẹ̀ ẹ́ láti ọ̀hún, fóònù tún dún lọ́wọ́ rẹ̀. Mo nawọ́ sí i, ó gbé e sókè, ẹ ṣáà mọ̀ bó ṣe ga. Ibi tó gbé e sí lókè níbẹ̀ ni báńkì tún kọ̀wé sí i: ẹnìkan fẹ́ fi káàdì yìí náwó ní Lituéníà, ibẹ̀ mà ni àwọn òyìnbó tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì náà wà, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ tẹ ení, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ẹ tẹ èjì. Ó ní, “Lituéníà kẹ̀? Ìyàwó mi nìyí níwájú mi ní Simawa. Ṣé wọ́n ń jẹ obì ní Lituéníà ni?” Ó tẹ èjì! Ìyá Ìbídò, níṣojú mi báyìí, ó tẹ èjì! Báńkì bá ti káàdì pa.

Ṣé ìyẹn ló wá dùn mí jù? Rárá o! Kí wọ́n tó kírun alásàrí tán, ó ti ròyìn ní mọ́sáláṣí pé òun gba owó ìyàwó òun lọ́wọ́ olè Lituéníà. Lèmọ́mù ṣàdúà fún un. Àwọn obìnrin ń ya wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, “Ẹ kú oríire o, Kàmọ́rù ọkọ yín mà gbọ́n o!” Mò ń ṣe àmín. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ọmọ mi ń sunkún ní Kánádà, èmi ń ṣe àmín ní Ṣàgámù.

Ó dáa. Mo ti lọ sí báńkì láàárọ̀ yìí. Wọ́n ti ṣí káàdì, mo ní kí wọ́n yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi tèmi sí i. Ikhlas ní àyè kan tún ti yọ, ó wà lórí ẹ̀ bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, òun nìyí lórí fóònù mi yìí, ó ń gbọ́ wa... Ẹ gbọ́! Ó dún! Ìyá Ìbídò, nọ́ńbà náà nìyẹn! Mi ò ní dígí, gbogbo ẹ̀ ń ṣe bàìbàì lójú mi, ojú tiyín ṣì mọ́lẹ̀, ẹ gbà, ẹ bá mi kà á.

Ẹ ní kí ni?

Ẹ ní ta ni mo jẹ́? Háà! Nínú ilé yín, lórí àga yín! Ẹ má fi fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ jọ̀ọ́, ó fẹ́ kú! Ẹ̀jẹ̀ kan náà ṣáà ni yín! Kí n kì yín, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé èmi ni? Àbẹ̀kẹ́! Àbẹ̀kẹ́ ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, adúmáadán, ẹni tó gbé ọkọ mi pọ̀n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀! Ó tó? Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ rọra. Méje. Òdo. Mẹ́ta. Mẹ́ta mìíràn. Mẹ́jọ. Ẹyọ kan. Ikhlas, ṣó o gbọ́?

Ó wọlé! Àlàmùdúlílàì, ó ní ó ti wọlé! Mò ń lọ wẹ ọmọ!

Ẹ dákẹ́ ẹ̀rín, ẹ gbọ́ mi. Àbúrò yín ò ní rí àlẹ́ẹ̀tì kankan. Ó wà ní Simawa níbẹ̀, ó ń rìn bí ẹni tó ṣẹ́gun. Ẹ jẹ́ kó máa rìn, ọjọ́ tó bá rí i tí mo gbé àpótí jáde ni kó tó mọ̀. Bó bá pè yín, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan. Bó bá wá, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni o, Ìyá Ìbídò. Bí èmi gan-an bá bèèrè, ẹ má sọ!