Ọwọ́ Tó Wà Nínú Abọ́ Mi

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe rí i, nítorí bí mo bá gbé e mì, yóò pa mí.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé èmi àti Túndé, àbúrò mi, ń jà sí ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé Rótìmí ọ̀rẹ́ mi ló ń koná mọ́ ọn. Ojoojúmọ́ la jọ ń jẹ ẹ̀bà nínú abọ́ kan, bó bá sì ti bu òkèlè báyìí, ọ̀rọ̀ dé: "Àbúrò tó ń fojú di ọ́ yìí! Bó bá ṣe èmi ni, àdá ni n ó fi bá a sọ̀rọ̀." Oorun dá lójú mi. Ní Sátidé tó kọjá, mo pọ́n àdá, mo fi sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sọ fún Rótìmí pé bí ilẹ̀ bá mọ́, Túndé á rí mi. Síbẹ̀ mo kúnlẹ̀ gba àdúrà ọ̀sán, ẹ ò rí ìwà wèrè! Orí ẹní àdúrà náà ni oorun ti gbé mi lọ.

Ọkùnrin aláṣọ funfun kan gbá mi lọ́rùn ọwọ́ mú, kò tilẹ̀ kí mi. Ó ní, "Dìde, ìwọ apọ́nàdá."

Ó kọ́kọ́ mú mi dé ibi tó tutù. Mo rí bàbá mi lábẹ́ igi, ara rẹ̀ balẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò ní kí n dìde. Ó kàn bi mí pé, "Àbúrò rẹ dà?" Mo bú sẹ́kún.

Ni ilẹ̀ bá là. Ooru! Igbe! Mo rí àwọn òpùrọ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀mú fa ahọ́n wọn tu, tí òmíràn ń hù, tí wọ́n tún ń fà á tu, mo rí ọ̀gá kan tó ń lu ọmọ iṣẹ́ láyé, irin pupa ni wọ́n fi ń nà án, ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ ń já bọ́, mo fẹ́ sá, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Lẹ́yìn wọn ni mo rí àwọn tó jókòó ní méjì-méjì ti abọ́. Ẹyín iná ló kún inú abọ́. Ẹnìkan ń bu iná, ó ń fi sí ẹnìkejì lẹ́nu, ètè ń yọ́, eyín ń bẹ́, ọ̀fun ń jó, onítọ̀hún ń ké, ó sì tún ń lanu.

Mo bi aláṣọ funfun náà pé, "Àwọn wo nìyí?"

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ọ̀kan ń fi ọ̀rọ̀ ìkà bọ́ èkejì. Èkejì lè dìde, kò dìde."

Àfi bí mo ṣe rí abọ́ mi! Abọ́ tánganran mi tí etí rẹ̀ ti bó. Rótìmí jókòó tì í, ọwọ́ rẹ̀ ti jó dé egungun, àdá mi wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ Túndé ń kán lára rẹ̀. Ó bu òkèlè iná. "Ọ̀rẹ́ mi, lanu." Ẹnu mi sì ń là fúnra rẹ̀! Mo ké, "Jésù!" Mo jí.

Oòrùn ti ń wọ̀. Ìyàwó mi ti gbé ẹ̀bà kalẹ̀, Rótìmí sì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣan ọwọ́. Ó ní, "Ọ̀la ńkọ́? Àbí ẹ̀rù ti ń bà ọ́?"

Mo dé abọ́ náà. Mo ní, "Rótìmí, máa lọ sílé rẹ. Èmi pẹ̀lú rẹ kò jọ jẹun mọ́." Ó bú mi, ó pè mí ní ojo. Mo gbé abọ́ náà, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó di ilé Túndé.

Bí mo ṣe wọlé ni Túndé fò dìde, àdá ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé abọ́ sílẹ̀, mo ní kó wá bá mi jẹun. Ó wo ọwọ́ mi méjèèjì, kò rí àdá, ó ju tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Rótìmí ló ní ẹ ń bọ̀ wá pa mí. Ibí ló ti jẹun lọ́sàn-án."

Ará, a jẹun, a sì sunkún. Mo sùn bí ọmọ ọwọ́. Ẹ wo ọwọ́ tó wà nínú abọ́ yín lónìí. Bó bá jẹ́ pé iná ló ń bù, ẹ dé abọ́ yín, kí ẹ tó gbọ́ "lanu."