Kókó Tó Wà Lórí Páálí Oògùn

Sàlámátù, jókòó. Kọ́kọ́rọ́ tí ò ń bèèrè ò ní sá lọ. O ní kí n yọ̀ǹda yàrá ẹrù mi, kí ẹ̀yin tí ẹ ń pín oògùn ibà fún àwọn ọmọ àdúgbò máa kó páálí yín sí i. Mo gbọ́. O tún fi Faransé bi mí bóyá mo gbà: "D'accord, Màmá?" D'accord kọ́, dàgbà ni. Gbọ́ ná.

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí ọrùn mi ṣì ń gba ìdì aṣọ Gánà tí ilé wa ń tà, yàrá yìí náà ni oògùn Gounghin, àdúgbò wa yìí, ń gbé. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀dọ̀ wa? Ògiri amọ̀ ni. Yàrá àwọn yòókù, páànù ni lókè, ooru á sì ba oògùn jẹ́. Ẹ̀yin tòní ní ẹ̀rọ tó ń wọn ooru. Àwa, ọwọ́ la fi ń kan ògiri.

Àlímátù, ayálégbé wa, ló ń pín in. Ará Kútọnu, obìnrin jẹ́jẹ́. Òun ní kọ́kọ́rọ́ kan, ilé wa ní kan. Àfi bí oògùn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dín… Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé ọmọ kan wá, ara rẹ̀ gbóná janjan. Àlímátù ki ọwọ́ bọ páálí, kò bá nǹkan kan. Wọ́n sáré gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Ọmọ yè, barka, ọpẹ́ ni. Orúkọ Àlímátù ni kò yè.

Wọ́n ní ó ń tà á lọ́jà. Làmídì, àbúrò ọkọ mi, ló pariwo jù: "Àlejò ni. Ẹ lé e."

Nígbà tí páálí tuntun dé, ìyá ọkọ mi pè mí sí kọ̀rọ̀. "Fi kókó tí a fi ń di aṣọ Gánà dì í. A kì í fi han àlejò. Ẹni tó bá tú u, kò ní lè ta á padà."

Mo dì í. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìtìjú ti lé Àlímátù wọ bọ́ọ̀sì Kútọnu. Èmi àti ìyá wọ yàrá. Kókó wà níbẹ̀, ó pé, ó dára. Mo gbé páálí… ó fúyẹ́.

Ìyá wo kókó yẹn títí. Ó ní, "Ọwọ́ ilé wa ni."

Ọkọ mi wà ní ìlú Bobo lọ́jọ́ náà. Ta ló kù? Làmídì tó ń pe ẹlòmíì ní àlejò. Ó jẹ́wọ́. Ìyá ní, "Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani." A wẹ orúkọ Àlímátù mọ́ ní gbogbo àdúgbò, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ò gbọ́. Kò padà wá. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀yin ń fi fóònù ka páálí. Fóònù mọ ọwọ́ ẹni tó tú u bí? O ní mo ń fura jù. Ìfura loògùn àgbà, ọmọ mi. Òun nìkan ni ooru kì í bà jẹ́.

Gba kọ́kọ́rọ́. Yàrá náà ṣì tutù. Ṣùgbọ́n má fi kókó ilé yìí di páálí rẹ, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n tú. Wá tìrẹ. Bí o bá sì fẹ́ ta kókó náà, ní kí èmi náà kọ ẹ̀yìn sí ọ.