Họ́ọ̀nù Tí Kò Dúró De Ọwọ́

Mo ń dúró de bátìrì mi lọ́dọ̀ rewáyà kan tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní Kọ́bapẹ́ láàárọ̀ Sátidé, nígbà tí bàbá tíṣà kan wa ọkọ̀ dé, tó ń gbé ọmọ rẹ̀, ìyàwó ọjọ́ náà, lọ ṣọ́ọ̀ṣì l'Abẹ́òkúta.

"Láti Owódé ni mo ti fi àtàǹpàkò tẹ họ́ọ̀nù yìí mọ́lẹ̀! Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á dákẹ́. Bí mo bá fi í sílẹ̀, á máa ké. Ṣé báyìí la ó ṣe wọ ṣọ́ọ̀ṣì?"

Rewáyà bi í pé, "Bàbá, ta ló pààrọ̀ rílè tó ń fún họ́ọ̀nù níná?"

"Èmi ni. Ara ọkọ̀ àbúrò mi ni mo ti yọ ọ́. Wọ́n jọra bí ìbejì."

"Ojú lásán ni wọ́n fi jọra. Irin méjì ló wà nínú rílè. Nínú irú tiyín, wọ́n jìnnà síra. Ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ni wọ́n tó ń fara kanra, tí iná á kọjá. Nínú èyí, wọ́n ti dì mọ́ra tẹ́lẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ń fira wọn sílẹ̀."

"Ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

"Rárá o. Iṣẹ́ tí ẹ gbé fún un ni kì í ṣe tirẹ̀."

Mo kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀. Rewáyà pààrọ̀ rílè, họ́ọ̀nù dákẹ́, ìyàwó pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ọkọ̀.

"Bàbá, ṣé kí n sọ èyí nù?"

"Sọ kí ni nù? Àlọ la fẹ́ dákẹ́! Bá mi tọ́jú ẹ̀. Tá a bá ń darí bọ̀, wàá dá a padà síbẹ̀ kó máa ké fúnra ẹ̀, kí n lè ráyè juwọ́ sí gbogbo Owódé."